Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ènìyàn Kì í Ṣe Omi

  

Lẹ́yìn wáàsí wa kan ní Ajégúnlẹ̀, ìwé pélébé méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí orí tábìlì mi. Arákùnrin kan ni ó kọ èkíní: “Ustaz, bí ọlọ́pàá bá yìnbọn pa ọmọ ẹni, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí jáde ṣe ìwọ́de? Àwọn ààfáà kan ní fìtínà ni.” Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn arábìnrin: “Nígbà tí wọ́n pa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé ni ó ké. Ta ni yóò ké fún àwa?” Àkókò ìrun àílà ti tó lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì ju ohun tí ènìyàn ń sọ lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gba àyè oṣù yìí fún un.

Ìbéèrè àwọn arábìnrin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí: Amadou Diallo, ọmọ orílẹ̀-èdè Gini, Mùsùlùmí, ẹni ọdún 23. Ọjà wẹ́wẹ́ ni ó ń tà ní etí títì ní ìlú New York, bí àwọn tiwa ṣe ń tà á ní Boundary. Ní òru ọjọ́ 4, oṣù Kejì, 1999, ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń gbé ní àdúgbò Bronx. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin tí wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́ ń wá ọ̀daràn kan kiri. Wọ́n ní ó jọ ọ́. Ó mú pọ́ọ̀sì owó rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ìbọn ni àwọn rò pé ó jẹ́. Ọta 41 ni wọ́n yìn, 19 sì bà á. Kò sí ohun ìjà kankan lára rẹ̀. Kí ẹjọ́ náà tó dé kọ́ọ̀tù, àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, dúdú àti funfun, ti jẹ́ kí ọlọ́pàá kó àwọn níbi ìwọ́de nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2000, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan ní ìlú Albany dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n ní wọn kò jẹ̀bi. Gini ni wọ́n gbé òkú ọmọ náà lọ sin.

Ti George Floyd, tí ọlọ́pàá kan fi orúnkún tẹ̀ lọ́rùn ní Minneapolis ní ọjọ́ 25, oṣù Kárùn-ún, 2020 títí ẹ̀mí fi bọ́, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọlọ́pàá náà, Derek Chauvin, lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìyàtọ̀ ọdún 21 ni ó wà láàárín ikú méjèèjì, ohun kan náà ni ó sì pa wọ́n: níbẹ̀, àwọ̀ ara ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọn yóò fura sí.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ẹ ní ta ni yóò ké fún wa. Ìgbà kan wà tí gbogbo Nàìjíríà ké. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1949, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wa èédú ní Iva Valley, ní Enugu, ń bá ìjọba amúnisìn fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Philip kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ débẹ̀, ó sì pàṣẹ ìbọn. Òṣìṣẹ́ 21 ni ó kú; àwọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́ lé ní 50. Ní Èkó níhìn-ín, àwọn olóṣèlú tí wọn kì í fẹ́ẹ́ rí ojú ara wọn jókòó pọ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kì í ṣe ará ìlú wọn. Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: òyìnbó ni ó pàṣẹ, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn náà lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà Glover ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú ni wọ́n ń kó sí iṣẹ́ ìbọn, kí wọ́n má baà mọ onílùú, kí wọ́n má sì ṣàánú rẹ̀. (Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn Hausa tí wọ́n kó nígbà náà, ẹrú tí ó sá àsálà ni púpọ̀ nínú wọn.) Òmìnira dé ní 1960, òyìnbó lọ, ìbọn náà sì dúró. Dele Udoh, ọmọ wa tí ó ń sáré fún Nàìjíríà, lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ilẹ̀ àwọn tí ń fi àwọ̀ dáni lẹ́jọ́, ó sì wà láàyè níbẹ̀. Ó wá sílé ní 1981. Èkó ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa á, ní Ojúẹlẹ́gba, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Bí àwọ̀ bá wá jẹ́ ọ̀kan, kí ni wọ́n fi ń yan ẹni tí wọn yóò fi ojú ọ̀daràn wò? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ajégúnlẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Kánáàlì kan àti afárá kan ni ó wà láàárín wa àti Apápá. Nígbà ìjọba òyìnbó, wọ́n la apá kan Apápá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti ti ìjọba, pẹ̀lú títì gbòòrò àti igi ẹlẹ́wà. Àwọn tí ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù láti nǹkan bí 1926, Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Igbo, Hausa, Yorùbá, ni wọ́n wá ibi tí owó wọn ká ní òdìkejì omi. Ajé gúnlẹ̀ ni wọ́n pe ibẹ̀. Àmọ́ ní ti ká sọ òtítọ́, òdìkejì kánáàlì ni ajé gúnlẹ̀ sí. Lónìí, ọ̀dọ́ méjì lè jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, kí wọ́n mú kọ̀ǹpútà kan náà sínú àpò. Èyí tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń kọjá. Èyí tí ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Mobil Road, tí irun rẹ̀ gùn díẹ̀, òun ni wọ́n ń dá dúró: “Níbo lo ti rí i? Ṣí fóònù rẹ.” Àdírẹ́sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọ̀.

Ẹkún pàápàá ní àdírẹ́sì, ẹ má bínú sí mi. Ní oṣù Kejìlá 2022, ní Ajah, ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn. Ẹni kejì ni Bolanle Raheem, agbẹjọ́rò, aláboyún, tí wọ́n yìnbọn fún nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì. Àwọn agbẹjọ́rò dìde bí ẹnì kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹjọ́ náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, 2023, ilé-ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà, Drambi Vandi. Ó tọ́, ó yẹ. Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́? Gafaru Buraimoh ni. Mélòó nínú yín ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí ẹ tó kà á níhìn-ín?

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan kú, ẹ̀sìn rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n gbé òkú Yahudi kan kọjá níwájú Ànábì wa (S.A.W.), ó sì dìde dúró. Wọ́n sọ fún un pé Yahudi ni. Ìbéèrè ni ó fi dá wọn lóhùn: ṣé ẹ̀mí kọ́ ni? Nínú Bukhari ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá ń ké fún Gafaru nítorí orúkọ rẹ̀, tí ó sì dákẹ́ fún Bolanle nítorí ọjọ́ Kérésìmesì, ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀sìn.

Ní báyìí, kí ni ẹ̀sìn wa wí nípa ẹni tí ìjọba fún ní ohun ìjà, tí ó wá fi pa aláìṣẹ̀? Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ayé òde òní ni. Rárá. Ó ṣẹlẹ̀ lójú Ànábì gan-an, láti ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn.

Usamah ọmọ Zayd, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Habaṣa, tí Ànábì fẹ́ràn bí ọmọ bíbí inú, lé ọ̀tá kan bá lójú ogun. Bí ó ti gbé ohun ìjà sókè, ọkùnrin náà pe kálímà. Usamah pa á. Ó ní ẹ̀rù ohun ìjà ni ó jẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ànábì bi í bóyá ó la ọkàn ọkùnrin náà wò ni, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un títí Usamah fi ń fẹ́ pé ì bá ṣe pé ọjọ́ náà ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Islaamu. Ẹ wò ó: ojú ogun ni, ọ̀tá tí ó mú idà lọ́wọ́ ni. Èwo ni ti ọmọ tí ó mú fóònù lọ́wọ́ ní Kirikiri Road? Ta ni ó la ọkàn rẹ̀ wò tí ó fi rí Yahoo níbẹ̀?

Ìtàn kejì ni ti Khalid ọmọ Walid, ọ̀gágun tí a fi ń yangàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, ní ọdún 8 Hijira, Ànábì rán an sí àwọn Banu Jadhimah láti pè wọ́n sí Islaamu. Wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ lẹ́nu ni wọ́n sọ, kò sì dún dáadáa létí Khalid. Ó dè wọ́n, ó sì ní kí wọ́n pa nínú wọn. Nígbà tí ìròyìn náà dé Ànábì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sọ fún Ọlọ́hun lójú gbogbo ènìyàn, lẹ́ẹ̀mejì, pé ọwọ́ òun mọ́ kúrò nínú ohun tí Khalid ṣe. Kò sọ pé kí wọ́n dúró de ìwádìí. Kò sọ pé àwọn ọ̀tá ìjọba ni ó ń gbé ìròyìn èké kiri. Àwọn òpìtàn sọ pé ó wá kó owó lé Ali lọ́wọ́ láti san owó ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn tí ó kú àti gbogbo ohun tí wọ́n bàjẹ́, títí kan abọ́ tí ajá wọn fi ń mu omi. Owó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Ali, ó sì fi í lé wọn lọ́wọ́ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ti gbàgbé.

Ọlọ́gbọ́n inú yín yóò bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò pa Khalid? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé ó ṣi ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ni, kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tí ó mọ̀ pé ó jẹ́ Mùsùlùmí. Irú èyí, owó ẹ̀jẹ̀ ni ó wọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹ̀mí dípò ẹ̀mí. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò sí èyí tí aláṣẹ dákẹ́ sí.

Ẹ fi èyí wé tiwa. Ní oṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ jáde, ìjọba tú SARS ká ní ọjọ́ 11. Ní ọjọ́ 20, àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí ní Lekki. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jókòó fún nǹkan bí ọdún kan; ó fún nǹkan bí ènìyàn 70 tí ọlọ́pàá ṣe ní àbòsí ní owó ìtánràn tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 410 náírà. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí pé abọ́ ajá Banu Jadhimah ni mo rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ náà sọ ohun tí ó rí nípa àwọn tí ó kú ní Lekki, ìwé ìpinnu ìjọba ní òun kò gbà á. Owó jáde, ọwọ́ méjèèjì kò gòkè.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé àwa ààfáà ni ọ̀rọ̀ kàn.

Mo mọ ìdílé kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní ọmọ wọn kú níbi tí ó ti ń sá lọ. Kí wọ́n tó gbé òkú náà fún bàbá rẹ̀, wọ́n ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé kan pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bàbá kò mọ̀wé, ó tẹ̀ka. Wọ́n gbé ọmọ délé, àwọn ààfáà àdúgbò sì ní kí á yára, nítorí pé sunna ni kí á má fi òkú falẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Nígbà tí lọ́yà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wọ́n: ẹ̀yìn ni ọta gbà wọlé, àbí iwájú? Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Erùpẹ̀ ti bò ó.

Òtítọ́ ni pé Ànábì pàṣẹ kí á tètè sin òkú. Ṣùgbọ́n nínú Suuratul Israai, aaya 33, Ọlọ́hun fún alágbàwí ẹni tí wọ́n pa ní àbòsí ní àṣẹ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, Ó sì kìlọ̀ fún un kí ó má kọjá ààlà. Àṣẹ wo ni ó kù lọ́wọ́ bàbá bí a bá ti sin ẹ̀rí mọ́ ọmọ? Àwọn onímọ̀ Fíqhì tí wọ́n jókòó ní Mẹ́kà ní 1987 gbà pé a lè ṣe àyẹ̀wò òkú bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìwà ọ̀daràn tí a kò sì mọ ohun tí ó pa ẹni náà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 lórí ìwádìí ikú sì ní ikú tí ó bá wá láti ọwọ́ ìwà ipá tàbí tí ó ṣẹlẹ̀ ní àhámọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ adájọ́ tí ń wádìí ikú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń tẹ̀lé wa lọ wẹ òkú, ẹ gbọ́ mi: bí ọta bá wà lára òkú, omi kò gbọdọ̀ kan án kí dókítà tó rí i. Aṣọ tí ó ní ẹ̀jẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má jó o. Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ, kí ẹ dì í sínú àpò pépà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ sí i. Lẹ́yìn náà kí á wẹ̀ ẹ́, kí á kírun sí i lára, kí á sin ín. Ìdúró ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nítorí ẹ̀tọ́ kò sọ òkú di ẹni ẹ̀gàn.

Ní ti owó, Suuratul Baqarah, aaya 178, fi àyè ìdáríjì àti owó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àánú Ọlọ́hun ni. Ìdílé ni ó ni ìdáríjì náà. Kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá, kì í ṣe olóṣèlú àdúgbò, kì í sì í ṣe ààfáà tí wọ́n ti fún ní àpò-ìwé kí ó tó wá máa wàásù sùúrù fún ìyá tí ń sunkún.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa: ṣé kí Mùsùlùmí jáde? Àwọn ààfáà tí wọ́n ní fìtínà ni, n kò bú wọn. Wọ́n rí ohun tí ojú wa rí ní 2020. Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni ẹ̀sìn. Nínú Suuratun Nisaai, aaya 148, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á máa pariwo ọ̀rọ̀ búburú, ṣùgbọ́n Ó yọ ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí sọ́tọ̀. Abu Dawud sì gba ìtàn kan wá tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Ọkùnrin kan wá fi aládùúgbò rẹ̀ sùn Ànábì. Ó ní kí ó lọ ṣe sùúrù. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. Ànábì wá ní kí ó lọ kó ẹrù ilé rẹ̀ sí ojú títì. Ó kó o. Gbogbo ẹni tí ń kọjá ń bèèrè ohun tí ó dé, ó ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń ṣépè lé aládùúgbò náà. Kò pẹ́ tí oníwà búburú fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ wọlé, òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Kí ni a ó pe ìyẹn bí kò bá ṣe ìwọ́de? Ojú títì ni ó ti ṣẹlẹ̀, níwájú gbogbo ayé, àṣẹ Ànábì ni ó sì fi ṣe é. Ẹrù ta ni ọkùnrin náà kó síta? Ẹrù ara rẹ̀ ni. Kò jó ilé aládùúgbò. Kò jí abọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n jó àgọ́ ọlọ́pàá Orílé, wọ́n jó ti Àmukòkò, wọ́n jó ti Láyẹni ní Ajégúnlẹ̀ wa níhìn-ín. Àwọn tí wọ́n ṣe é kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń kọrin ní Lekki, mo mọ̀. Wọ́n pa ọlọ́pàá pẹ̀lú ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn tí kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti yìnbọn fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ ọlọ́pàá tí ń sùn ní bárékè tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ọmọ òrukàn ni òun náà di. Suuratul Maaidah, aaya 8, kò fi àyè sílẹ̀ fún wa: ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan kò gbọdọ̀ gbé wa kúrò lórí déédéé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí yóò dùn yín. Bí wọ́n bá pariwo “olè!” ní ọjà wa, kí ni a máa ń ṣe? Táyà àti bẹntiróòlù. Ní 2012, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Aluu nítòsí Port Harcourt bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olè ni wọ́n. Ní oṣù Kárùn-ún 2022, wọ́n dáná sun ọ̀dọ́kùnrin kan láàyè ní Lekki. Ohun tí a gbọ́ ni pé àríyànjiyàn owó ọ̀kadà, ọgọ́rùn-ún náírà, ni ó fà á. Ní oṣù kan náà, ní Sókótó, orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láìsí adájọ́, láìsí ẹjọ́. Ìfura ni ẹ̀rí, ìbínú ni adájọ́, ẹni tí ó súnmọ́ jù ni ó pa á. Ọ̀nà wo ni ó fi yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá tí ó yin Diallo ní ọta 41? Ọlọ́pàá náà tilẹ̀ fojú kan kọ́ọ̀tù.

Àti ọ̀rọ̀ “gàm̀bàrí”, “kòbókòbó”, “ọmọ Àgànyìn” tí a fi ń pe ara wa nínú mọ́sálásí kan náà. Bàbá tí ó gbààwẹ̀, tí ó lọ Hajj, yóò ní ọmọ òun kò ní fẹ́ Mùsùlùmí rere nítorí pé Hausa ni, a ó sì tún jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n máa bú òyìnbó pé ó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nígbà tí Abu Dharr fi àwọ̀ ìyá bú arákùnrin kan (àwọn kan ní Bilaali ni), Ànábì sọ fún un pé ìwà àìmọ̀kan ayé àtijọ́ ṣì kù lára rẹ̀. Abu Dharr ni ẹ ń gbọ́ yẹn o, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn.

Ohun tí ó kù jẹ́ ti ìmọ̀ òfin, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ ti mọ aluwala. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má sá, ẹ má fi ọwọ́ bọ àpò láìsọ fún wọn, ẹ má bá ẹni tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ jiyàn. Ẹ wo orúkọ àyà rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, orí 35, ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí wọ́n mú dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, gbogbo wa ní Èkó sì ni kọ́ọ̀tù wà nítòsí. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní OPD. Iṣẹ́ wọn ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, agbẹjọ́rò méjì láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, arákùnrin kan àti arábìnrin kan, yóò jókòó sínú ilé-kéwú láti dáhùn ìbéèrè. Ẹ pe àwọn ìyá yín wá. Àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ka sí irú ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n mú un dání, kódà kí ó ti gbó. Mo sì ti bẹ àwọn ààfáà tí wọ́n ń wẹ òkú ní àdúgbò márùn-ún. Mẹ́ta ti ní àwọn yóò wá.